Bí mo ṣe fi àfikún ìwé-ẹ̀rí sórí Moodle tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá

Àwọn òbí ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, London àti Houston ni wọ́n ń gbé. Ìyá kan bi mí pé, “Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ mà. Bí ọmọ wa bá parí ìpele kìíní, kí ló máa mú lọ́wọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Moodle, ètò ìkọ́ni orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò, ní báàjì, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń tẹ ìwé-ẹ̀rí jáde. Àfi kéèyàn fi kún un.

Moodle kò lówó lórí, kóòdù rẹ̀, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi kọ ọ́, sì ti wà ní gbangba láti ọdún 2002 tí Martin Dougiamas gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde láti ìlú Perth ní Ọsirélíà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kọ fi lè kọ àfikún tirẹ̀, plugin ni gbogbo wa ń pè é, kó sì gbé e sí moodle.org/plugins kí aráyé lò ó. Èyí tí mo mú ni Custom certificate tí Mark Nelson kọ, nítorí pé èèyàn lè fúnra rẹ̀ to ìwé náà bó ṣe wù ú, ìwé kọ̀ọ̀kan sì máa ń ní kóòdù tí a fi lè mọ̀ pé kì í ṣe ayédèrú.

Kí n tó gbà á, mo wo nǹkan méjì lójú ewé rẹ̀: ṣé ó bá ẹ̀dà Moodle wa mu, ṣé ẹni tó kọ ọ́ sì ń tún un ṣe déédéé. Moodle 4.5 ni tiwa, nítorí náà ZIP (fáìlì tí wọ́n di àfikún náà pọ̀ sínú rẹ̀) ti 4.5 ni mo mú. Bí ẹ bá tú ZIP ọ̀hún, ẹ ó rí fáìlì version.php nínú rẹ̀. Iwájú “requires” ni nọ́ńbà ẹ̀dà Moodle tó kéré jù tí àfikún náà lè bá ṣiṣẹ́ wà. Bí Moodle yín bá kéré sí i, kò ní gbà. Ẹni tó bá lọ mú tirẹ̀ ní GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, tún ní láti yí orúkọ fódà inú ZIP padà sí “customcert” lásán, torí orúkọ gígùn ni GitHub máa ń fún un, Moodle kò sì ní dá a mọ̀.

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Mo fi ẹ̀dà nǹkan mẹ́ta pamọ́: fódà kóòdù, fódà moodledata tí iṣẹ́ àwọn ọmọ wà, àti dátábéèsì, ibi tí Moodle ń kó àkọsílẹ̀ sí, tí mo fi irinṣẹ́ phpMyAdmin mú jáde. Mo fi ẹ̀dà wọ̀nyí ṣe ìkànnì kejì tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ìkànnì tí ọmọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kì í ṣe ibi ìdánwò.

Lórí ìkànnì ìdánwò, kò le rárá. Mo wọlé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, mo lọ sí Site administration, mo tẹ Plugins, lẹ́yìn náà Install plugins, mo ju ZIP náà síbẹ̀. Moodle yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ìṣòro. Ó wá gbé ojú ewé Plugins check jáde, mo tẹ Upgrade Moodle database now, ó parí.

Nígbà tó di ti ìkànnì gidi, ó kọ̀. Write access check ló hàn ní pupa: sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wa wà lórí rẹ̀, kò gba Moodle láyè láti kọ nǹkan sínú fódà mod, ibi tí irú àfikún yìí ń wà. Àwọn tó ń gba ìkànnì sí sáfà máa ń ti ibẹ̀ pa nítorí ààbò, mo sì fara mọ́ ọn, n kò ní kí wọ́n ṣí i. File Manager inú cPanel, ojú ewé tí a ti ń ṣàkóso ohun tó wà lórí sáfà, ni mo gbà. Mo gbé ZIP sínú fódà mod, mo tẹ Extract, mo rí i pé fódà wà ní 755, fáìlì sì wà ní 644 (nọ́ńbà tó ń sọ ẹni tó lè kà wọ́n tàbí tó lè yí wọn padà). Bí mo ṣe padà sórí ìkànnì gẹ́gẹ́ bí alábòójútó báyìí, Moodle fúnra rẹ̀ ti rí i, ó sì gbé mi lọ tààrà sí Plugins check. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Moodle 5.1, inú fódà public ni mod wà lọ́dọ̀ tiyín.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni orúkọ àwọn ọmọ. Mo to ìwé-ẹ̀rí náà, mo fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí àárín, mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún orúkọ ìdánwò kan, Ọpẹ́yẹmí. Ohun tó jáde ni “?p??y?mí”. Fọ́ǹtì Times, ìyẹn irú lẹ́tà tó wà níbẹ̀, ló fà á. Òun, Helvetica àti Courier kò ní ẹ àti ọ nínú PDF tí Moodle ń ṣe, wọn kò sì ní àmì ohùn tó dá dúró. Í nìkan ló yè. Orúkọ ọmọ Yorùbá kì í ṣe ohun tí a ń fi àmì ìbéèrè rọ́pò, pàápàá lórí ìwé tó ń jẹ́rìí pé ó kọ́ Yorùbá. Mo wọ inú ètò ohun kọ̀ọ̀kan lórí ìwé náà, mo yí fọ́ǹtì wọn sí freeserif lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ bọ̀ sípò.

Ó ku ibì kan. Àkọlé tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ, ÌWÉ-Ẹ̀RÍ, àmì orí Ẹ̀ rẹ̀ kọ lu lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ní lẹ́tà kékeré, ó jókòó dáadáa. Nítorí náà “Ìwé-ẹ̀rí” ni mo kọ, mo wá fi kún ìwọ̀n rẹ̀ kó lè hàn. Mo sì kọ̀wé sí gbogbo òbí pé kí wọ́n padà lọ fi àmì tó yẹ sórí orúkọ ọmọ wọn nínú àkáǹtì, torí ohun tó wà níbẹ̀ ni yóò jáde.

Restrict access ni mo fi de ìwé-ẹ̀rí náà kí ọmọ tí kò tíì ṣe ìdánwò ìparí má lè gbà á. Mo tún ṣí Allow anyone to verify a certificate, kí ẹni tí kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wa náà lè yẹ kóòdù wò. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìwé-ẹ̀rí máa lọ sí ímeèlì fúnra rẹ̀, ẹ rí i pé cron yín, ohun tó ń mú kí sáfà ṣe iṣẹ́ Moodle fúnra rẹ̀ lásìkò, ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, nítorí òun ló ń fi í ránṣẹ́. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ẹ fẹ́ yọ àfikún náà, ẹ kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ kóòdù gbogbo ìwé tí ẹ ti fúnni jáde: Uninstall máa ń pa tábìlì rẹ̀ rẹ́ nínú dátábéèsì, kò sì ní sí bí a ṣe lè yẹ ìwé ọmọ kankan wò mọ́.