Tí ara yín bá sú wínníwínní, ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ìpara

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí máńgòrò bá ti ń pọ́n, ètè àbúrò mi obìnrin máa sú ni. Ọdún mẹ́ta la fi ń pe é ní ooru, a ra ìpara títí, àfi ọjọ́ tí mo jókòó tì í tí mo rí i tó ń fi eyín bó èèpo máńgòrò, oje ẹ̀ ń ṣàn dé àgbọ̀n, lẹ́yìn ọjọ́ méjì ojú ibi tí oje yẹn gbà gan-an ló sú wínníwínní. Oje èèpo yẹn ni. Mọ̀lẹ́bí ni máńgòrò àti kajú, epo tó wà nínú èèpo kóró kajú tiẹ̀ le jù ú lọ, àwọn tó ń yan kajú mọ ohun tó ń fi ọwọ́ wọn ṣe. A wá ń fi ọ̀bẹ bẹ máńgòrò fún un báyìí, ó ń jẹ ẹ́, kò sú mọ́.

Torí náà ibi tó sú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ etí tàbí ọrùn, ẹ fura sí yẹtí àti ṣéènì tó ní nickel nínú (irin kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ ohun ọ̀ṣọ́). Abẹ́ ìdodo, irin bẹ́líìtì tàbí bọ́tìnì jíìnsì ni. Ẹ̀yìn etí, iwájú orí àti ìpéǹpéjú, dáì irun ni, bẹ́ẹ̀ náà làálì tó dúdú kirikiri torí wọ́n máa ń po dáì mọ́ ọn, làálì gidi kì í dúdú báyẹn. Òkè ẹsẹ̀, okùn sílípáàsì.

Lẹ́yìn náà, àsìkò, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ohun tó fara kan awọ kì í sábà sú lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ má wá di ẹ̀bi ru oúnjẹ àárọ̀ yìí, ẹ má sì sọ pé ẹ ti ń lò ó tipẹ́, ara lè kọ ohun tó ti gbà fún ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ èyí tó bá wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, tó ń ṣí kiri, tó ń lọ kí wákàtí 24 tó pé, ẹ rántí ohun tẹ́ ẹ jẹ tàbí òògùn tẹ́ ẹ lò láàárín wákàtí méjì sẹ́yìn: edé, ẹ̀pà, ẹyin. Tí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, tí èémí ò já gaara, ọsíbítù lójú ẹsẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.

Tí gbogbo ilé bá jọ ń họra lóru, ẹ fura sí kúrúnà.

Ẹ wá ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọṣẹ, ìpara, aṣọ tuntun, òògùn sí i. Ẹ pa ọṣẹ, ìpara àti aṣọ tuntun tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má da méjì pọ̀. Ìpara tuntun, ẹ fi díẹ̀ pa ibi tí apá ti ń ká láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ má dán oúnjẹ tàbí òògùn wò bẹ́ẹ̀ nílé láé. Tí kò bá yé yín síbẹ̀, dókítà awọ máa lẹ nǹkan mọ́ yín lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì láti mọ èyí tí ara ò gbà, ẹ mú ìwé yẹn dání lọ, pẹ̀lú páálí dáì àti ike ìpara tẹ́ ẹ ń lò.