Má Fi Ojú Àìsùn Po Oògùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, tí ẹ sì tún ń dáko, ẹ̀yin ni ìwé yìí ń bá wí. Ìtọ́jú òròmọdìẹ kò ṣàjèjì sí yín, a ò ní tún un sọ. Ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ nìyí: àgbẹ̀ á fi gbogbo òru ṣọ́ iná èédú kí ara òròmọdìẹ má baà tutù. Ilẹ̀ mọ́, ó gbé pọ́ńpù, ó fẹ́ lọ fín oògùn apakoríko. Ó ń wọn oògùn lọ́wọ́ ni ìyàwó rẹ̀ pè é: “Bàbá Ṣeun, omi àwọn ọmọ adìẹ ti tán o!” Ó gbé ìdérí ìgò tó fi ń wọn oògùn sílẹ̀, ó lọ bu omi. Nígbà tó padà dé, kò mọ̀ bóyá òun ti da oògùn sí pọ́ńpù. Ó tún òmíràn dà. Mílílítà 100 di 200, àgbàdo jóná.

Ẹni tí kò sùn ṣì lè ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ti mọ́ ọn lára. Bó bá ní kóun fi í sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn ni wàhálà dé: ti àkọ́kọ́ kò tíì kúrò lọ́kàn, ti èkejì kò sì tètè wọlé. Ẹni tó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 ti ń ṣe bí ẹni tó mutí. Obì á lé oorun lọ, kò ní sọ ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé fún yín. Ẹ yé fi obì tan ara yín jẹ!

Ẹni tó máa po oògùn lọ́la kò gbọdọ̀ ṣọ́ òròmọdìẹ lálẹ́ òní. Kó sun wákàtí 7, ó kéré tán. Ìṣọ́ òru ṣọ́ọ̀ṣì àti àìsùn òkú wà nínú ohun tí à ń wí. Bí kò bá sí ẹlòmíràn nílé, ẹ sún oògùn fífín di ọjọ́ kejì.

Bí ẹ bá ti ń wọn oògùn, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ fi fóònù sílé. Ẹ fi èédú fa ìlà kan sára pọ́ńpù gbàrà tí ẹ bá da ìdérí kọ̀ọ̀kan tán. Ìdérí náà kò gbọdọ̀ wọ ilé adìẹ láé. Kí ẹ tó fọwọ́ kan dírínkà, ìyẹn ike tí adìẹ fi ń mu omi, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ.