Kí Ẹ Tó Ra Sítóòfù Induction, Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ Ìdí Ìkòkò Yín Wò

Gáàsì ti wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ìdílé tó ní sólà, tàbí tí iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa, fi ń ra sítóòfù induction, ìyẹn sítóòfù oníná tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná. Kò ní èéfín, ó sì ń tètè mú ọbẹ̀ jinná. Àmọ́ ó máa ń dùn mí tí ẹnì kan bá fi owó ńlá rà á délé tán, tí kò wá rí ìkòkò kan ṣoṣo tó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Wáyà bàbà tí wọ́n lọ́ róbótó ló wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà yìí kọjá, agbára òòfà á jáde lára rẹ̀, á sì mú kí iná máa ṣàn nínú ìdí ìkòkò. Ìkòkò fúnra rẹ̀ ló ń gbóná. Ara rẹ̀ ni ooru ti ń ran gíláàsì. Irin tí òòfà lè fà nìkan ló bá iṣẹ́ yìí mu.

Nítorí náà, ẹ wá òòfà kékeré kan, kódà èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi kan ìdí ìkòkò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, ó dáa. Bó bá ń já bọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Ìkòkò alùmíníọ̀mù, tó pọ̀ jù nínú ilé ìdáná wa, kò ní yege, ìkòkò amọ̀ náà kò ní yege. Ẹ má dà wọ́n nù o, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún gáàsì àti igi. Èyí tí wọ́n fi ojúlówó irin ṣe àti ìkòkò irin tí wọ́n kun ní tánganran máa ń ṣiṣẹ́. Ti irin tí kì í dípẹtà ló ń tan ènìyàn: òmíràn ń ṣiṣẹ́, òmíràn kò ṣiṣẹ́. Ẹ mú òòfà yín dání lọ sọ́jà, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ fi rúlà lé e. Bí àárín bá wú, kò ní gbóná délé dóko. Ọ̀pọ̀ sítóòfù kì í dá ìkòkò tí ìdí rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 12 mọ̀. Àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà láti fi sábẹ́ ìkòkò alùmíníọ̀mù ń fi iná ṣòfò, ó sì lè gbóná débi tí á ba gíláàsì jẹ́. Ẹ fi owó rẹ̀ kún owó ìkòkò gidi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ro àmàlà lórí gíláàsì. Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ tó gbé e padà. Tí ẹ bá fẹ́ kó wú, ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì dín iná kù gan-an.

Sítóòfù tó ń lo 2,000 wọ́ọ̀tì ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 áńpìà. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni kí ẹ kì í bọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè yọ́, kó sì dáná sun ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e.

Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn sí láyà, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó lò ó, kó sì fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60 jìnnà sí i.

Tí ẹ bá pa sítóòfù náà tán, fáànù inú rẹ̀ á ṣì máa yí. Ẹ jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́ lára iná.