Bí Mo Ṣe Kun Àwọn Jagunjagun Castile ti Ọdún 1212

Ogun Las Navas de Tolosa, èyí tí wọ́n jà ní gúúsù Sípéènì ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1212, ni mo fẹ́ tò sórí tábìlì fún eré ogun, ìhà Ọba Alfonso Kẹjọ ti Castile ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Ère onírin kéékèèké tí gíga wọn tó mìlímítà 28 ni mo rà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn kò ju "jagunjagun Sípéènì ayé àtijọ́" lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn kó pọ̀ gùn débi pé aṣọ, apata àti àsíá yí padà lọ́pọ̀ ìgbà nínú rẹ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lára apata lọ́dún náà gan-an kí n tó ṣí ọ̀dà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yà fún Castile ni ilé olódi méjì àti kìnnìún méjì tí wọ́n pín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin apata. Ó rẹwà lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí i lásìkò ogun yìí, nítorí ọdún 1230 ni Ferdinand Kẹta, ọba Castile, ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún León, ìjọba tí ó ni àmì kìnnìún. Lọ́dún 1212, ọba León kò tilẹ̀ yọjú sí ogun náà rárá. Ilé olódi aláwọ̀ wúrà lórí pupa nìkan ni mo fi sí i. Ti Navarre, ìjọba tó wà lẹ́yìn Castile nínú ogun náà, ló gba àròjinlẹ̀. Ìtàn ní Ọba Sancho Keje já ẹ̀wọ̀n tó yí àgọ́ Kálífà al-Nasir, olórí ogun Mùsùlùmí tí wọ́n ń bá jà, ká, òun ló sì sọ di àmì ìjọba rẹ̀. Ìtàn dídùn ni, àmọ́ ẹyẹ idì ló wà lórí òǹtẹ̀ Sancho, nítorí náà idì ni mo yà. Dúdú ni mo kùn ún, níwọ̀n bí òǹtẹ̀ kì í ti í sọ àwọ̀, tí ó sì jẹ́ pé dúdú ni àwọn ará Navarre mọ idì náà sí.

Mo fi fáìlì rẹ́ ìlà tí ẹ̀dà irin máa ń fi sílẹ̀ lára ère, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kí ọ̀dà lè mú, mo sì lẹ ọwọ́, ọ̀kọ̀ àti àkàtànpó mọ́ àwọn tí wọ́n ń gbé e. Ọ̀dà dúdú ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀. Fún ẹ̀wù irin olórùka, mo ti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, mo nù ún sára àkísà títí ó fi dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ mọ́, mo wá ń fi rá ẹ̀wù náà lára wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Orí àwọn òrùka tó yọ síta nìkan ni fàdákà ń mú, dúdú sì ń kù sínú kòtò àárín wọn.

Ilé olódi ni iṣẹ́ gidi. Ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè kì í bo pupa dáadáa, bí a bá sì ń kùn ún léraléra, yóò ki, ẹnu ilé náà kò sì ní mú mọ́. Nítorí náà, mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà funfun tí mo pò mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ ya ilé náà bí ìyarun eléyín mẹ́ta tí ti àárín ga ju ìyókù lọ. Ìgbà tó gbẹ ni mo fi ìyeyè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo fi pupa tọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, mo sì fi ìlà dúdú tín-ín-rín yí gbogbo rẹ̀ ká.

Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ láti ìlú bíi Ávila, Segovia àti Medina del Campo kò pẹ́ rárá: aṣọ òwú àgùntàn tí a kò rẹ láró, awọ, àti àṣíborí irin lásán.

Mo tò wọ́n sórí pákó pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 60, ẹlẹ́ṣin mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì da yanrìn lé gọ́ọ̀mù. Koríko tútù yọ̀yọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà fún irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n oṣù Keje lẹ́bàá òkè Sierra Morena kì í ṣe ìgbà koríko tútù. Koríko gbígbẹ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni mo lò.

Àsíá ni mo fi gbẹ̀yìn. Rodrigo Jiménez de Rada, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Toledo, tí òun fúnra rẹ̀ wà lójú ogun náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwòrán Màríà Wúńdíá wà lára àsíá àwọn ọba, nítorí náà mo ya Màríà sórí bébà, mo ká a mọ́ ọ̀pá, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kọ́lọkọ̀lọ nígbà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì tutù kí ó lè dà bí ohun tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi fáníìṣì tí kì í dán bo gbogbo wọn, nítorí ìka àwọn tí ń ta ayò yìí kì í fi ọ̀dà lára sílẹ̀.