Kóńgò méjì: bí mo ṣe ń ṣọ́ ẹnu mi kí n má baà dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ tí èmi fúnra mi ń sá fún

Ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ní àsàlátù ọjọ́ Sunday, iwájú pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, kò sì sí ìwà ẹnikẹ́ni tí n kì í rí nǹkan sọ sí. Ìgbà kan wà tí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ yá owó gbómúlélántà láti fi kún ọjà rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti sọ ọ́ fún èèyàn mẹ́rin. Mo ní, "Ẹni tó ń san èlé, kí ló tún ń wá láàárín àwa tá à ń fa tẹ̀súbà?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọdébìnrin kan wá ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́wàá lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ti fún un ní kóńgò dání láti ilé. Ó tún ẹ̀wà náà wọ̀n níwájú gbogbo ìsọ̀, kò pé mẹ́sàn-án. Mo ti fi òòlù gbá ìdí kóńgò tèmi wọnú ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tí mo fi ń ra gàrí lọ́wọ́ àwọn ará oko, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní àbùkù kankan.

Súrà 83 nínú Àlùkùránì ló wá sí mi lọ́kàn níbi tí mo dúró sí, èyí tí mo ti mọ̀ sórí láti ilé kéú: ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń gba tiwọn, wọ́n á gbà á ní kíkún, bí wọ́n bá sì ń wọ̀n fún ẹlòmíràn, wọ́n á dín in. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà nìkan ni mo ti kà á sí láti ọjọ́ yìí wá. Àṣé kóńgò méjì náà ni mo fi ń wọn èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbìyànjú láti fi ẹyọ kan ṣoṣo wọ̀n nísinsìnyí.

Ohun tí ẹnu mi fi ń bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń ṣọ́. "N ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn o, àmọ́…" Bí ẹ bá ti gbọ́ èyí lẹ́nu ara yín, ẹ yáa bu omi mu. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni kí o sọ nípa ọmọ ìyá rẹ ohun tí kò ní fẹ́. Wọ́n bi í pé, bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ó ní bó bá wà lára rẹ̀ ni o ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, bí kò bá sí, irọ́ lo pa mọ́ ọn. Nítorí náà, "ṣebí òótọ́ ni mo sọ" tí gbogbo wa fi ń bora, aṣọ tó ti ya ni. Súrà 49, ẹsẹ 12, fi í wé jíjẹ ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tó ti kú. Ẹsẹ yẹn kan náà ló ní ká má tọpinpin ara wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí status WhatsApp ènìyàn láti mọ òde tó lọ lálẹ́ Sátidé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń yá ẹni náà ní àwáwí tèmi. Bí mo bá pẹ́ kí n tó kí ìrun Àsárì, mo ní oníbàárà ló pọ̀. Bí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi bá pẹ́, mo ní kò bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọjọ́ kan náà, oòrùn kan náà, oníbàárà kan náà! Usama ọmọ Zayd, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti pe kálímà, ìyẹn ìjẹ́rìí pé kò sí ọlọ́hun mìíràn àyàfi Ọlọ́hun. Usama ní ìbẹ̀rù ohun ìjà ló mú ọkùnrin náà pè é. Ànọ́bì bi í pé, ṣé o la ọkàn rẹ̀ wò ni?

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ká má sọ̀rọ̀ sí nǹkan kan mọ́. Rárá o. Èlé ò di hàláálì nítorí pé èmi ń gbá ìdí kóńgò. Súrà 2, ẹsẹ 275, tó ka èlé léèwọ̀, ṣì wà níbẹ̀. Inú Súrà yẹn kan náà, ní ẹsẹ 44, ni Ọlọ́hun ti bi àwọn kan pé ṣé wọ́n ń pa àwọn èèyàn láṣẹ dáadáa, tí wọ́n sì gbàgbé ara wọn ni? Gbígbàgbé ara ẹni ni ẹ̀bi. Hádíìsì kan wà tó máa ń bà mí lẹ́rù, bóyá nítorí pé oníṣòwò oúnjẹ ni mí: ọkùnrin kan á máa yí po nínú iná bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe ń yí ọlọ, ìfun rẹ̀ á ti tú síta. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun máa ń pa wọ́n láṣẹ ohun rere, òun kì í ṣe é.

Nítorí náà, mo lọ bá ìyá yẹn nílé, èmi nìkan. Ọ̀rọ̀ kóńgò mi ni mo kọ́kọ́ sọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kí ó tó sọ fún mi pé alájọ ló kó owó òun jẹ. Mo gbé àpò ẹ̀wà kan fún un ní àwìn láìfi kọ́bọ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ èlé náà, a sọ ọ́ o, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wà la sọ ọ́.

Ibi tó le jù ni dídá ẹ̀tọ́ padà, torí túúbá lásán kò ká ẹ̀tọ́ ọmọ ẹ̀dá. Àwọn oníbàárà tí mo mọ ojú wọn, mo bẹ̀ wọ́n, mo sì wọn èyí tó kù fún wọn. Àwọn tí n kò mọ̀, mo fi ẹ̀wà ṣe sàárà ní orúkọ wọn. Èèyàn mẹ́rin tí mo sọ̀rọ̀ ìyá yẹn fún ńkọ́? Mo lọ bá wọn láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mẹ́ta yá. Ẹnìkẹrin, ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ, ó tó oṣù méjì kí àyà mi tó gbà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti yọ kúrò lẹ́nu pátápátá: munáfíkì, ìyẹn alágàbàgebè. Àmì mẹ́ta tí Ànọ́bì kà, irọ́ pípa, àìmú àdéhùn ṣẹ àti jíjẹ àmáánà (ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni), ara mi ni mo ń wò wọ́n mọ́. Umar, Umar sàábé Ànọ́bì tí gbogbo wa mọ̀ yìí, lọ bá Hudhayfah, ẹni tí Ànọ́bì fi orúkọ àwọn munáfíkì hàn, ó bi í bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀. Kò béèrè orúkọ ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, oníbàárà kan dúró níwájú mi, ó ń ṣépè fún ẹni tó ta ìrẹsì tí kò pé fún un. Ẹnu mi ti fẹ́ yá. Mo ní, "Ìyá, èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí." Ó wò mí sókè sódò. Ó ra kóńgò mẹ́ta, ó sì yọ kóńgò tirẹ̀ jáde láti inú báàgì, ó tún un wọ̀n.