Kóríyá tí ẹ lè máa ṣe fún ara yín bí ẹ ti ń dín sísanra kù

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fi oṣù méjì dín kílò mẹ́rin kù kì í sábà gbọ́ "o kú iṣẹ́." Ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni "Ṣé kò sí o? O mà ti rù!" Àwọn mìíràn á tilẹ̀ máa fọgbọ́n wádìí bóyá àìsàn ni tàbí owó ni kò sí nílé. Ẹni tó bá ń retí kí aládùúgbò yìn ín, iṣẹ́ náà á tètè sú u. Kóríyá ní láti ti ọwọ́ ẹni fúnra ẹni wá, kí a sì ti ṣètò rẹ̀ sórí ìwé kí ọjọ́ kìíní tó pé: ohun tí a máa ṣe, iye ìgbà tí a máa ṣe é, ohun tí a máa fi san èrè rẹ̀, àti ọjọ́ tí a máa san án.

Ẹ má fi òṣùwọ̀n ṣe ọ̀gá

Àdéhùn tó wọ́pọ̀ jù ló burú jù: "Tí kílò kan bá ti lọ, màá ra bàtà." Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún kílò. Ẹ lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí òṣùwọ̀n sì tún gòkè láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Iyọ̀ inú ìrẹsì òde àríyá máa ń dá omi dúró sára, nǹkan oṣù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ fún ọjọ́ méjì ṣì ń gbé ẹrù náà kiri. Nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí, kílò kan sí méjì lè lọ kó sì padà dé láàárín ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ọ̀rá kankan kún ara. Ọ̀rá gan-an kì í kánjú: ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni ìwọ̀n tí ara lè gbà láìsí wàhálà. Tí ẹ bá so èrè yín mọ́ nǹkan tó ń fì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ yín á ṣófo ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ṣiṣẹ́ jù, ẹ sì máa gba ẹ̀bùn ní ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ló dá yín gúnlẹ̀.

Ìṣe ni kí ẹ máa san èrè fún. Ẹ mú méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ èyí tí a lè dáhùn ní "mo ṣe é" tàbí "n kò ṣe é." "Màá máa jẹun dáadáa" kò ṣeé kà. Àwọn tó ṣeé kà rèé:

- Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún 30 ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìyẹn ló pé 150 ìṣẹ́jú tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe dín sí. Tí ẹ bá lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n tí orin ò ṣeé kọ, ẹsẹ̀ yín ti yá tó.
- Omi nìkan, kò sí mínírà, kò sí júùsì inú páálí.
- Òkèlè tí gbogbo rẹ̀ kò ju ìkúùkù yín kan lọ, kí ẹ̀fọ́ inú abọ́ sì pọ̀ jù ú.
- Kò sí jíjẹ ìpápánu nínú ọkọ̀ tàbí ní ẹ̀bá títì: kò sí gala, kò sí pọfù-pọfù, kò sí bọ́ọ̀lì ìdúró-jẹ.

A kò ní kí ẹ gbé òṣùwọ̀n sọnù o. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó: láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó jẹ tàbí mu ohunkóhun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì. Tí ẹ bá gbé e sórí kápẹ́ẹ̀tì, irọ́ ló máa pa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ìyípo ikùn. Ẹ wá ibi tí eegun ìhà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá parí sí, ẹ wá òkè eegun ìbàdí, ààrin méjèèjì ni téèpù máa gbà kọjá. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ẹ tó kà á, ẹ má fa ikùn mọ́ra. Ìròyìn lásán ni nọ́ńbà méjèèjì. Wọn kò ní ọwọ́ kankan nínú ẹ̀bùn yín.

Káàdì àti kóló

Ẹ lẹ kàlẹ́ńdà kan, òun ni káàdì yín, mọ́ ara ògiri níbi tí ojú yín ti máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i láàárọ̀. Ìṣe kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe, ẹ sàmì kan sí ọjọ́ náà. Ká ní ìrìn àti omi nìkan ni ẹ yàn: ìrìn máa mú ààmì 5 wá lọ́sẹ̀, omi máa mú 7 wá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Ààmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦200 tó máa wọ inú kóló lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó bá pé máa fún yín ní ₦2,400, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin á jẹ́ ₦9,600. Tí ₦200 bá wúwo jù, ẹ fi ₦50 ṣe é. Ẹni tó máa ń ra mínírà lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní láti wá owó yìí jìnnà, torí inú àpò kan náà ló ti ń jáde.

Kí kóló náà jẹ́ èyí tí a máa fọ́ kí a tó lè kó owó inú rẹ̀. Ike onídèérí kò dára, torí ẹ máa yá owó ọkọ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ò dúró lè máa kó o fún alájọ, kí ó ṣáà rántí pé alájọ máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má béèrè 12 nínú 12. Ẹ fi ààlà sí 9. Ẹni tó bá sọ pé àfi kó pé, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò bá dá a dúró sílé, ọ̀sẹ̀ náà ti bàjẹ́ lójú rẹ̀, á sì ju ọjọ́ márùn-ún tó kù sígbó. Tí ààmì kò bá tó 9, owó tó ti wọ kóló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ọ̀sẹ̀ yẹn fò. Lọ́jọ́ Ajé, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Kò sí gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì sí ìyà: ẹ má febi pa ara yín lọ́jọ́ kejì láti fi tún un ṣe.

Ẹ̀bùn ojúmọ́, ti ọ̀sẹ̀, àti ńlá

Ti ojúmọ́ ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò. Èrè tó máa dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò lè gbé èèyàn dìde ní aago márùn-ún ìdájí. Èyí tó dára jù ni kí ẹ so nǹkan tí ẹ fẹ́ràn mọ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Katherine Milkman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà dán an wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014: wọ́n fi ìwé ìtàn àfetígbọ́ tó ń dùn mọ́ni sínú ẹ̀rọ kékeré, wọ́n sì fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní jíìmù, kí ó má baà ṣeé gbọ́ níbòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbọ́ ìtàn yìí lọ sí jíìmù ju àwọn yòókù lọ dáadáa. Ìgbà tí họlidé Thanksgiving, ìyẹn ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, dé, tí jíìmù sì tì, ni àǹfààní náà yọ̀ dànù.

Ẹ lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ètò rédíò, ìwàásù, ìròyìn eré bọ́ọ̀lù tàbí ìtàn alápá púpọ̀ kan tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ má gbọ́, ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ sì pinnu pé ìgbà tí ẹ bá ń rìn nìkan ni ẹ máa gbọ́ ọ. Níbi tó bá dùn jù ni kí ẹ ti pa á tí ẹ bá ti délé. Etí kan ṣoṣo ni kí ẹ fi nǹkan sí, torí ọ̀kadà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí Iléyá, Kérésì tàbí ìsìnkú ìlú tó dé, ẹ ti kọ ibi tí ẹ máa ti rìn àti aago tí ẹ máa rìn sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yín má baà dà bíi ti àwọn ará Pennsylvania.

Ẹ̀bùn ọ̀sẹ̀ kò ní láti gbówó lórí. Ẹ lo ìbéèrè yìí láti wá tiyín: kí ni ẹ máa ń sọ pé "n kò ráyè"? Fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, wákàtí méjì oorun lọ́sàn-án Sátidé, kí ẹlòmíì mú àwọn ọmọ dání, dùn ju gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Ẹlòmíì fẹ́ kí wọ́n di irun òun ní ìrọ̀rùn, kí wọ́n bá òun tọ́jú èékánná ẹsẹ̀, tàbí kí òun wo bọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó máa rán òun níṣẹ́. Dátà gìgábáìtì kan tí kì í ṣe fún iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Òfin kan ló wà: ohun tí ẹ máa ṣe bóyá ẹ rìn tàbí ẹ kò rìn kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ẹ so ẹ̀bùn ńlá mọ́ 100 ààmì, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án fún ẹni tó ń gba 11 sí 12. Àsìkò yẹn ni ẹ máa fọ́ kóló. Bàtà ìrìn tó dára ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́ tí tàtijọ́ bá ti ń dun ẹsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ, ibẹ̀ sì gba ọgbọ́n. Ẹ má rán aṣọ tó fún yín sílẹ̀ kí ó máa dúró dè yín nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti ń rí i lójoojúmọ́ tí kò wọlé, ẹ̀gàn ló ń sọ sí yín. Ẹ mú aṣọ tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kí télọ̀ bá yín fún un mọ́ra, kí ó má gé àjẹkù inú ojú rírán dànù, torí ó lè tún pọn dandan kí ó ṣí i tàbí kí ó tún fún un sí i. Tí aṣọ ẹbí bá sì délẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó rán an pẹ̀lú ìwọ̀n tó ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ẹ ní kí ó tún yín wọ̀n, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Inú ìwé télọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọ́kọ́ gbà pé nǹkan ti yí padà.

Ìdí tí oúnjẹ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀bùn

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹni tó wọn 80 kílò tó bá rìn kánmọ́kánmọ́ fún 30 ìṣẹ́jú máa lo nǹkan bíi 170 kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Ìgò mínírà 50cl tó ní ṣúgà dáadáa lè tó 200. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl, ń ju ìyẹn lọ. Nítorí náà ẹni tó bá rìn tán tó wá fi ìgò kan "kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́" ti gba ohun tó fi sílẹ̀ padà, ó sì fi èlé lé e. "Ọjọ́ ìgbádùn," ìyẹn jíjẹ ohun tó wù wá láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú dé alẹ́, burú ju ìyẹn lọ, torí òde àríyá kan pẹ̀lú ìrẹsì abọ́ méjì, ẹran díndín àti ìgò mẹ́ta lè jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èrè ọjọ́ mẹ́fà.

Ìpalára kejì kò hàn sójú: bí súyà bá ti di ẹ̀bùn, ẹ̀fọ́ di ìyà nìyẹn. Ẹ má fi súyà ṣòfò, ẹ má sì fi ṣe àmì-ẹ̀yẹ. Ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ìwọ̀n tirẹ̀, bíi igi kan ní alẹ́ Jímọ̀, kí ẹ jẹ ẹ́ bóyá káàdì kún tàbí kò kún.

Tí ẹ bá fẹ́ fi owó dógò

Kevin Volpp àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà kan náà, fi owó dán èèyàn 57 wò fún ọ̀sẹ̀ 16, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Àwọn kan fi owó tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n máa pàdánù rẹ̀ tí wọn kò bá dé ibi tí wọ́n ṣèlérí. Wọ́n dín tó kílò mẹ́fà kù, nígbà tí àwọn tí kò sí owó fún kò ju bíi kílò méjì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó pé oṣù méje tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti padà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì tó nǹkan mọ́. Owó ń ti èèyàn síwájú lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tó bá kúrò ńlẹ̀, ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn á dúró.

Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fún ẹnì kan ní ₦10,000 kí ó máa dá ₦2,500 padà lọ́sẹ̀ tí káàdì bá dé 9. Èyí tí ẹ bá pàdánù kò gbọ́dọ̀ di ti onítọ̀hún, kí ó má baà máa gbàdúrà kí òjò rọ̀. Ẹni tí ojú yín ń tì díẹ̀ ló dára fún un. Ìyàwó tàbí ọkọ yín á dárí jì yín ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ibi tó ti máa ń dà rú

Tí ẹ̀bùn kò bá dùn mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, ara ló ti mọ́ ọn. Tí ẹ bá ti gba ẹ̀bùn kan ṣoṣo láìṣiṣẹ́ fún un, káàdì náà ti sọ agbára rẹ̀ nù, kí ẹ tètè ya òmíràn kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Tí òṣùwọ̀n bá dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ máa gba ẹ̀bùn yín lọ, torí ìṣe lẹ ń san èrè fún. Ara tó ti fúyẹ́ kì í lo kálórì tó bíi ti àtijọ́, ìdí nìyẹn tí òkèlè oṣù kìíní fi lè ti pọ̀ jù ní oṣù kẹrin. Ẹ dín in díẹ̀ tàbí kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kún ìrìn.

Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ tí oúnjẹ bá dín kù tí oògùn kò sì dín kù. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ má ṣèlérí ẹ̀bùn fún ọmọdé nítorí kó lè fọn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìgbà tí ìṣe kan bá ti di ohun tí ẹ ń ṣe láìronú sí i, tí ẹ ti jáde nílé kí ẹ tó rántí káàdì, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ fi èyí tó ṣì ń nira rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ máa lọ sórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ti fi kílò méjì kọjá ibẹ̀, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé kàlẹ́ńdà padà sára ògiri.