Ahọ́n ni mo náwó lé, etí ló ń ṣàìsàn

₦47,000 ni mo ná sórí ahọ́n ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe ahọ́n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí inú ṣì ń bí mi. ₦30,000 lọ sọ́dọ̀ tíṣà lẹ́sìnnì kan tó ní òun máa tú u lẹ́nu. ₦12,000 lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó fẹ́ gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ìyàwó mi ni kò jẹ́ kó gé e, ṣùgbọ́n owó ò padà. Ìyókù wọ inú àgbo. Ayẹ̀wò etí tó wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, ₦6,000 péré ni.

Télọ̀ ni mí, Òkè-Fìà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àbúrò mi obìnrin tó ti di olóògbé ló bí ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àyìndé. Ó gbé ọ̀dọ̀ màmá wa ní Ìkìrun, ó gbé ọ̀dọ̀ ẹbí bàbá rẹ̀ ní Ẹdẹ, ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Òṣogbo. Màmá wa sọ pé Ẹdẹ ló ti ya odi. Àwọn ará Ẹdẹ ní bó ṣe ti Ìkìrun wá nìyẹn. Nílé ìwé, alágídí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, wọ́n á sì nà án.

Ohun tó rú mi lójú ni pé ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Aṣọ, á ní "aọ". Ẹ̀fọ́, "ẹ̀ọ́". Ẹsẹ̀, "ẹẹ̀". Òkè wà lókè, ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀. S, ṣ àti f ni kò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ṣé kì í ṣe pé ẹnu Ìbàdàn ló fẹ́ mú. Ẹnu Ìbàdàn kẹ̀? Àwọn yẹn kúkú ń pe s.

Èmi náà ti dán an wò. Mo gbá tábìlì gbàgà lẹ́yìn rẹ̀, ó fò sókè, mo ní: "Ẹ ò rí i? Ó ń gbọ́." Ariwo ńlá bẹ́ẹ̀, etí tó ń ṣàìsàn náà lè gbọ́ ọ! Ilẹ̀ tó gbọ̀n náà sì lè ta á jí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí mo fi ń gbá tábìlì ṣe dókítà.

Nígbà tó yá, a gbé e lọ sílé ìwòsàn fún ayẹ̀wò etí. Gbígba káàdì àti títò sórí ìlà, ẹ mọ ìyẹn. Yàrá ayẹ̀wò ni kí n sọ.

Ìlọ kìíní, wọ́n tan iná sí i létí, wọn ò rí inú rẹ̀. Ìdọ̀tí ti dí ihò méjèèjì pa. Ìyẹ́ adìyẹ tí màmá ń tì bọ àdí, àti igi olówùú tí àwa náà fi ń nù ún, ṣe ni wọ́n ń ti ìdọ̀tí wọlé. Wọ́n ní ká máa kán oògùn sí i fún ọjọ́ márùn-ún.

Ìlọ kejì, a dúró fún wákàtí mẹ́ta. Mo ka ìwé ara ògiri wọn títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 60 nínú 100 ọmọdé tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa, ohun tó fà á ṣeé dènà. Wọ́n fọ ìdọ̀tí náà jáde, a wọ yàrá ayẹ̀wò, iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Níbo ni jẹnẹrétọ̀ wà? Lẹ́yìn fèrèsé yàrá ayẹ̀wò etí! Yàrá tí wọ́n ti ń wá ohùn tó kéré jù lọ tí ọmọ lè gbọ́! Ọmọbìnrin tó ń ṣe ayẹ̀wò ní kò ṣeé ṣe, pé ẹni tí etí rẹ̀ pé gan-an á fìdí rẹmi nínú ariwo yẹn. Mo jágbe mọ́ ọn. Òun kọ́ ló gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́fà wà nílẹ̀ tí mi ò tíì gé.

Ìlọ kẹta, wọ́n ní káàdì ti kọjá ọjọ́, mo tún san ₦1,500. Iná wà. Àyìndé ló wá kọ̀: wọ́n fẹ́ dé nǹkan ìgbọ́hùn mọ́ ọn létí, ó sunkún títí wọ́n fi ní ká máa lọ.

Ibí ni mo ti fi iṣẹ́ ọwọ́ mi hàn wọ́n. Mo ti bi ọmọbìnrin náà ohun tó fẹ́ kí ọmọ ṣe: bó bá ti gbọ́ ohùn, kó ju nǹkan kan sínú abọ́. Mo gé fóòmù, mo rán an mọ́ rọ́bà, mo fi dé e létí. Ìyàwó mi á súfèé kíkan, Àyìndé á ju bọ́tìnnì sínú agolo mílíìkì. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Ìlọ kẹrin, òun fúnra rẹ̀ ló gbé agolo rẹ̀ dání. Ó jókòó bí ọ̀gá, ó ń ju bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà ní ṣé mo lè rán irú fóòmù yẹn fún àwọn ọmọ yòókù. Mo rán mẹ́ta. Mi ò gbowó.

Ohùn tó kéré jù tí etí ọ̀tún rẹ̀ gbọ́ jẹ́ 40 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe pọ̀ tó; ti òsì, 35. Etí tó pé máa ń gbọ́ ohùn tí kò tó 20. Omi tó ki bíi gọ́ọ̀mù ló dúró sẹ́yìn ìlù etí. Ó ń pọ̀ bí ọ̀fìnkìn bá dé, ó ń dín kù bó bá lọ; ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ lọ́jọ́ kan tí kì í gbọ́ lọ́jọ́ kejì, táwọn èèyàn ń pè é ní alágídí. Àmì ohùn Yorùbá, inú ohùn tó nípọn ló wà, ó ń wọlé fún un. S, ṣ àti f, èémí lásán ni, wọn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, kí n máa pe á, í, ú, m, ṣ, s ní ohùn tí mo fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló yẹ kí n ti ṣe dípò tábìlì.

Dókítà bi mí nípa àwọn nǹkan tó lè ba etí ọmọ jẹ́: ṣé ó ké nígbà tí wọ́n bí i? Ṣé ó ní ibà apọ́njú? Yírunyírùn ńkọ́? Ṣé wọ́n gún un ní jẹntamaísìn rí? Mi ò lè dáhùn ẹyọ kan, káàdì rẹ̀ ti sọ nù sí Ẹdẹ. Ẹni tó bá ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹbí, kó gba káàdì àjẹsára kó tó gba aṣọ. Bí ọmọ bá sì pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "màmá, omi", ẹ gbé e lọ fún ayẹ̀wò etí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ ahọ́n.

Wọn ò fún un lóògùn. Wọ́n ní omi náà sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀, ká dúró oṣù mẹ́ta, kó máa jókòó níwájú ní kíláàsì, kí a máa kọjú sí i sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pe ọṣẹ, ṣ rẹ̀ sì dún bí omi tó kán sórí páànù gbígbóná. Ìyàwó mi ní kó tún un pè, ó kọ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ la máa padà lọ. Mo ti ránṣẹ́ béèrè bóyá wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn fèrèsé. Wọ́n ní ó ṣì wà níbẹ̀.